Àkúdàáyà Kì í Padà Sójúlé Tó Kú Sí

Orúnkún ló fa gbogbo rẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, orúnkún ọ̀tún Màámi wú, dókítà ní kó dín ìrìn kù, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá tí mo bá ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀. Òun a máa bó ẹ̀gúsí, èmi a jókòó tì í lórí àpótí, n ó tẹjú mọ́ fóònù mi. Iná kì í sábà sí lákòókò yẹn. Ìyá mi kò kàwé. Ó mọ orúkọ rẹ̀ kọ, ó mọ nọ́ńbà, ibẹ̀ ló mọ. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé ohun tí mo ń kà lè kàn án.

"Kí lò ń dá rẹ́rìn-ín sí látẹ̀ẹ̀kan?"

"Ìtàn kan ni, Mà."

"Ta ló ń sọ ọ́?"

"Ará Kòríà kan ló kọ ọ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà."

"Kòríà tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n?" Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí ìró rẹ̀. "Sọ ọ́ ká gbọ́."

Ohun tí mo ń kà lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá máa ń ka ìtàn ìfẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì á ti mọ irú rẹ̀. Ọmọbìnrin ilé ọlọ́lá kan relé ọkọ, ọkọ gbé àlè wọlé, àwọn méjèèjì fi májèlé sínú tíì fún un. Ó kú. Ó lajú, ó bá ara rẹ̀ lórí ibùsùn tó ń sùn kó tó lọ́kọ, ó ṣì ku ọdún mẹ́ta kí ìgbéyàwó ó wáyé. Ó mọ gbogbo ohun tí wọ́n máa fi ojú rẹ̀ rí, wọn ò sì mọ̀ pé ó mọ̀. Àwọn ará Kòríà ti kọ irú ìtàn yìí débi pé tí wọ́n bá kó wọn jọ, wọ́n á kún ọjà Dùgbẹ̀. Kò tíì sú wa.

Mo sáré sọ ọ́, kí n lè padà sídìí ìwé mi. Nígbà tí mo dé ibi tó ti lajú, ọwọ́ Màámi dúró.

"Ó kú tán?"

"Ó kú, Mà."

"Ó wá padà sílé bàbá ẹ̀?"

"Nínú yàrá rẹ̀ gan-an ló jí sí."

"Irọ́ ni."

Mo rò pé ohun tó fẹ́ sọ ni pé òkú kì í jí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ tó ní ni pé àkúdàáyà kì í padà sójúlé tó kú sí. Ìlú tó jìnnà ló máa ń lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, á fẹ́ aya, á ṣòwò, á bímọ, ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan bá sì ṣèèṣì fojú kàn án, ó ti pòórá nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí ará Kòríà yìí ò fi mọ̀ ọ́n? Mo ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ọmọ náà ló rìn, pé àkókò ló yí padà sẹ́yìn. Ó ronú sí i. Ó bó bí ẹ̀gúsí mẹ́rin márùn-ún.

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n. Kì í ṣe àkúdàáyà nígbà náà. Ọjọ́ ló kú, tó jí. Máa bá a lọ."

Mo ti ka ohun tí àìmọye òǹkàwé kọ nípa irú ìtàn yẹn, láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, lóríṣiríṣi Gẹ̀ẹ́sì. N kò rí ẹni tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kà wọ́n. Wattpad ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì, èyí tí àwọn méjì kan dá sílẹ̀ ní Toronto ní 2006 kí èèyàn lè máa fi fóònù kàwé. Lójú tèmi, àwa ọmọléèwé tí kò rówó ra ìwé la wà níbẹ̀. Afi bí mo ṣe gbọ́ ní 2021 pé Naver, ilé iṣẹ́ Kòríà kan, fẹ́ fi nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù dọ́là rà á. Ohun tí à ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì ní kíláàsì ni wọ́n ra ní owó yẹn. Láti Wattpad ni mo ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà, láti Ṣáínà mo bọ́ sí Kòríà, n kò sì tíì rí ọ̀nà jáde.

Àwọn tí kì í kà á máa ń rò pé ẹjọ́ tí àwa òǹkàwé ń rò lójoojúmọ́, gírámà ló dá lé. Ta ló ń wo gírámà? Mo ti ka ìtàn tí ojú akọni rẹ̀ jẹ́ dúdú ní orí kẹta, tó di aláwọ̀ wúrà ní orí ìkarùn-ún, n kò mira. Ohun tó ń dun òǹkàwé ni kí wọ́n máa fi í ṣeré. Kí wọ́n fa ìtàn gùn bí ẹní ń fa gọ́ọ̀mù, kí wọ́n wá fi orí méjì péré parí ohun tí wọ́n fi irínwó orí dì. Kí ọkùnrin hùwà ìkà láti oṣù Kìíní dé oṣù Kọkànlá, kí ó sunkún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n ní a ti dárí jì í. Àwa wo? Èmi ò tíì dárí jì í.

Fífà yẹn, owó ló bí i. Ọdún 2003 ni Qidian, ojú òpó ìtàn kan ní Ṣáínà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lórí orí kọ̀ọ̀kan, iye tí wọ́n sì ń gbà dá lórí bí orí náà ṣe gùn tó: 1,000 àmì ìkọ̀wé, owó táṣẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n ń fi gígùn ọ̀rọ̀ sanwó fún, ṣé ó máa jẹ́ kí ọmọge sọdá odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Á dúró bọ bàtà, á rántí ìyá rẹ̀, ìránṣẹ́ rẹ̀ á bú sẹ́kún, ọ̀tá á yọjú lódìkejì. Àwọn ará Kòríà gbé tiwọn gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2014, KakaoPage, áàpù ìtàn wọn kan, ní kí òǹkàwé mú sùúrù: tí o bá dúró di àkókò kan, orí tó kàn á ṣí fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí o ò bá lè dúró, sanwó. Ọgbọ́n alákàrà ni. Kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni, ó kàn ń jẹ́ kí òórùn máa lọ.

Mo ti lu gúdẹ́ nídìí sùúrù yẹn. Áàpù kan wà tí n kò ní dárúkọ, kọ́ìnì ni wọ́n fi ń ṣí orí níbẹ̀. Ní ọ̀gànjọ́ òru kan mo ra orí kan, torí pé èyí tó ṣáájú parí síbi tí ọkùnrin náà ti ní òun fẹ́ sọ òótọ́. Ẹ gbọ́ o: láti ìbẹ̀rẹ̀ orí náà dé òpin rẹ̀, ojú fèrèsé ló wà. Ó ń wo òjò. Owó mi ni mo fi rán an lọ wo òjò. Mo sọ fún Màámi lọ́jọ́ kejì, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Àlọ́ lo ń fowó gbọ́?"

N kò rí èsì fún un. Nílé àwọn ìyá tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àlọ́, kó ṣáà ti mọ ègbè é gbè.

Sísọ tí mo ń sọ ọ́ fún un ló jẹ́ kí n rí ohun kan. Ogójì orí ni mo máa ń sọ tán láàárín ogún ìṣẹ́jú, nǹkan kan ò sì pa á lára. Mo mọ èyí tó yẹ kí n fò. Ojú fèrèsé, mo fò ó. Ìrántí ohun tí a ti kà ní orí kejì, mo fò ó. Tí ìtàn kan bá wá wà tí n kò rí ibì kan fò nínú rẹ̀, á jẹ́ pé ìtàn gidi ni. Òṣùwọ̀n tí mo ń lò báyìí nìyẹn, kì í ṣe ìràwọ̀ márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ èdè náà tún wà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kà wọ́n. Látijọ́, àwọn olólùfẹ́ ìtàn ló ń jókòó túmọ̀ wọn fúnra wọn. Wuxiaworld, ojú òpó ìtúmọ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2014, ló sọ ti Ṣáínà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín wa, kí Qidian tó wá ṣí ti Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ní 2017. Báyìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ìyọnu ẹ̀rọ sì ni pé ará Ṣáínà àti ará Kòríà kì í fi dandan sọ ẹni tó ń ṣe nǹkan tó bá ti hàn nínú ọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ mọ̀ bóyá akọ ni àbí abo. Ẹ̀rọ á bá méfò. Ọ̀gágun tó fá irùngbọ̀n lówùúrọ̀ á ti di obìnrin kó tó di ọ̀sán. Gbogbo òǹkàwé ló ń pariwo lórí èyí. Lẹ́bàá àwo ẹ̀gúsí, kò sí ìyọnu yẹn rárá. "Ó wọlé, ó bínú, kò kí ẹnikẹ́ni." Màámi mọ ẹni tí mò ń wí.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, òun ló mú mi. Ọ̀gágun kan àti ìyàwó tó fi ìwé àdéhùn fẹ́ ni mò ń sọ. Ó ti ojú ogun dé, obìnrin náà bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò tíì jẹun. Mo fẹ́ kọjá lọ.

"Dúró ná. 'O' ló pè é àbí 'ẹ'?"

N kò mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ti gbé e mì. Mo tún lọ wo ohun tí àwọn òǹkàwé tó gbọ́ èdè Kòríà sọ nípa orí náà. Àṣé ohun tí wọ́n ń pariwo lé lórí nìyẹn. Láti orí kìíní ni obìnrin yẹn ti ń fi ọ̀wọ̀ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí àlejò. Ní ẹnu ọ̀nà yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó gbàgbé. Gbogbo orí náà kò ju èyí lọ. Èmi kà á, mo yọwọ́ kúrò, mo ní nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lónìí.

Lọ́jọ́ kejì mo tún un sọ. "Ó ń pè é ní ẹ̀yin látọjọ́ tó ti dé ilé náà, Mà. Ó wá rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, 'O ò tíì jẹun.'"

Màámi fi ọwọ́ tí èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ bo ẹnu.

"Yéè! Ọkùnrin náà gbọ́?"

"Ó gbọ́, Mà."

"Ó ti parí fún un."

Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá òdìkejì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí tirẹ̀ wá. Ìtàn ààfin ọba ni, ti aya púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń tiraka lórí irú ìtàn yẹn, ó ń wá ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì. Èmi ní "orogún", ó tán. Ọmọ ilé olórogún ni Màámi, obìnrin mẹ́rin ni bàbá rẹ̀ fẹ́, kò sí ète kan láàfin Ṣáínà tí kò rí irú rẹ̀ ní àgbàlá wọn. Ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lójijì. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kó má baà sí nílé. Ó máa ń sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló bá a lójijì: pé nílé àwọn ọlọ́lá Ṣáínà ayé àtijọ́, ọmọ tí obìnrin kékeré bá bí, ìyàwó àgbà ni yóò máa pè ní ìyá, yóò sì máa fi orúkọ mìíràn pe ẹni tó bí i. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Ìbejì ní bóyá àṣà wọn ni. "Àṣà kẹ̀?" ni Màámi wí. "Ta ló rọbí?"

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ìyálé inú ìtàn Ṣáínà ló di ọ̀tá rẹ̀, títí kan àwọn tí òǹkọ̀wé fẹ́ ká fẹ́ràn.

Ìyá Ìbejì yìí ló bi mí lọ́jọ́ kan pé ṣé àwọn ìtàn náà ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Màámi fi í rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá a rẹ́rìn-ín. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ lorúkọ òun, ó ń ka ọkọ àti àlè tó ti ní sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀ báyìí. Àwọn òǹkàwé ò lè mú un mọ́ra. Wọ́n gbé gègé, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà. Ọ̀pọ̀ gbà pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. I. B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ló ń kọ gbogbo rẹ̀, ó sì di ìwé ní 1930. Tí ẹnì kan bá wá ń sọ fún mi pé fóònù ló sọ òǹkàwé òde òní di alátojúbọ̀, mo máa ń rántí ará Èkó tó ra sítáǹbù nítorí obìnrin tí kò sí. Mo sọ èyí fún àwọn méjèèjì. Ìyá Ìbejì ní ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n, òun ò sọ̀rọ̀ tòun mọ́ o, ṣùgbọ́n òun mọ obìnrin kan ní Sábó tó rí bíi Sẹ̀gilọlá yẹn gẹ́lẹ́.

Àwọn ìtàn ìkookò kò rójú rere. Ẹ mọ̀ wọ́n: ọkùnrin tó ń di ìkookò, ó lówó, ó burú, obìnrin kan wà tí àyànmọ́ so mọ́ ọn, ó lé e, ó tún ń wá a kiri. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń kọ ọ́, èmi náà máa ń kà á, n kò ní purọ́. Màámi gbọ́ orí mẹ́ta. Ó bi mí bóyá n kò gbọ́ ìtàn ọdẹ àti ẹfọ̀n rí. Mo gbọ́ ọ: ọdẹ rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ sílẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó ń lọ sọ́jà, ó jí awọ náà gbé pamọ́ sínú àká, ó fi obìnrin ṣaya, ìyálé fún ọkọ lótí mu yó, ó gbọ́ àṣírí, ó fi kọrin bú u, obìnrin náà wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó gba igbó lọ.

"Tiwa lọ," ni Màámi wí. "Èyí tó ń sunkún tẹ̀lé ajá kiri, kí ló ń wá?"

Mo ní ìkookò ni, Mà, kì í ṣe ajá. Kò dá mi lóhùn.

Ẹ̀sùn tó ní sí gbogbo wọn, ti Kòríà, ti Ṣáínà, ti ìkookò, ni pé àwọn ọmọ náà kò lẹ́bí. Ó máa ń sọ ọ́ tí ó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin olówó rí ọmọge lónìí, wọ́n fọwọ́ síwèé lọ́la, wọ́n ti di tọkọtaya. Ta ni alárinà? Ta ló wádìí ìdílé? Nígbà tí ó ń lù ú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dà? Mo gbìyànjú láti sọ pé ìdí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọge náà lè dá wà, kí ọ̀rọ̀ lè le. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ohun tí òun ń sọ ni pé ó rọrùn jù. "Kó fún un ní àǹtí mẹ́ta, ká wá wo bó ṣe máa kọ ọ́."

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, òǹkọ̀wé ìtàn májèlé yẹn dákẹ́. Orí 212 la dé. Ọkọ tó fẹ́ ẹ láyé àkọ́kọ́ ti rántí ohun gbogbo, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọmọ náà lóru, ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí. Òǹkọ̀wé ní ara òun kò yá, òun máa sinmi díẹ̀. Kò dá ọjọ́. Àwọn òǹkàwé kọ́kọ́ ń gbàdúrà fún un, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta àwọn kan ti ń ṣépè. Ní Mọ́kọ́lá, ìbéèrè kan náà ni ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́: "Ó ti kọ ọ́?" Nígbà tó sú mi, mo purọ́. Mo ní ó ti kọ ọ́. Mo ní ilẹ̀kùn ṣí, ọkùnrin náà sunkún, obìnrin náà gbé e dìde, ó dárí jì í, wọ́n kó lọ sí ìgbèríko, wọ́n bí ọmọ méjì.

Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. Màámi ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

"Òun kọ́ ló kọ èyí."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀, Mà?"

"Ẹni yẹn, tí ọ̀rọ̀ ńlá bá ń bọ̀, oúnjẹ ló máa ń gbé ṣíwájú. Wọ́n pa á, tíì. Ìyá ọkọ fẹ́ tàn án, àkàrà òyìnbó. Àbúrò ẹ̀ fẹ́ jẹ́wọ́, ó ń bó èso kan. Oúnjẹ dà nínú tìẹ?"

Gbogbo orí 212 náà ni mo fi ojú ara mi kà. N kò ṣàkíyèsí rẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì. Ó ní kò burú, pé ṣùgbọ́n kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé iṣẹ́ olóhun ni. Ìyá Ìbejì ní òun fara mọ́ tèmi ní tòun, pé ẹni tó kúnlẹ̀ lóru yẹ lẹ́ni à á gbé dìde. Màámi ní rárá.

"Yóò ní kó wọlé. Yóò se tíì fún un. Kò ní fi nǹkan kan sí i. Yóò kàn gbé e kalẹ̀ síwájú ẹ̀, yóò sì máa wò ó."

Àwọn méjèèjì fà á títí iná fi dé.

Òǹkọ̀wé náà padà lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kọ́ìnì ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo sọ fún Màámi, mo ń retí kó tún bi mí léèrè àlọ́ tí wọ́n ń fowó gbọ́. Ó tú eteetí ìró rẹ̀, ó ka owó, ó ní ìdajì nìyẹn, kí n fi tèmi kún un. Mo ti ra á. N kò tíì ṣí i. Ìyá Ìbejì lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, Sátidé ló ń bọ̀, ó sì ti pè lẹ́ẹ̀mejì pé a ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìsí òun.